Ọba Tó Ṣí Àká Ọkà

Ọdún méjìdínlógún ni Dísù fi kó ẹrù èrò ní pápákọ̀ òfurufú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Swords lókè òkun, kó tó wọ yunifásítì lọ kọ́ ìtàn. Wọ́n ní kó kọ àròkọ lórí àwọn ọba Ṣáínà àtijọ́. Ó kà á pé bí ìyàn bá mú, ọba a ṣí àká, a pín ọkà fún aráàlú, a sì jẹ́wọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ló bí ọ̀run nínú, kí aráyé má baà ní oyè ò tọ́ sí i mọ́.

Dísù pa ìwé dé. Lọ́dún tó kọjá, nílùú wọn nílé, èrò tẹ ìyá rẹ̀ pa níbi tí olóṣèlú kan ti ń pín ìrẹsì. Àwòrán ọkùnrin náà wà lára àpò ìrẹsì. Kò jẹ́wọ́ nǹkan kan, wọ́n sì tún dìbò fún un.

Dísù kọ ọ́ sínú àròkọ náà. Olùkọ́ dá a padà: “Ọ̀rọ̀ ìdílé yín kì í ṣe ẹ̀rí.”

Iman, ọmọ rẹ̀, ní, “Dádì, ẹ kàn yọ Màmá àgbà kúrò níbẹ̀, á di grand, á dára.”

Ó yọ wọ́n. Ó yege, ṣùgbọ́n kò ka àròkọ náà mọ́.