Ọwọ́ Mi Há Sẹ́yìn Ayùn Oníná

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láàyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ yìí. Títí di ìsinsìnyí, àyà mi ò tíì balẹ̀!

Kápẹ́ńtà ni mí, ní Òmù-Àrán. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Dípọ̀, ará Èsìé, la jọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún kéré, èèyàn ò lè na apá níbẹ̀. La bá kan tábìlì kan, a gbẹ́ ihò ńlá sáàárín ẹ̀, a sì de máṣíìnì kọ̀ọ̀kan mọ́ abẹ́ pákó tiẹ̀. Èyí tá a bá fẹ́ lò, a ó gbé e tòun ti pákó ẹ̀ sínú ihò náà. Tá a bá lò ó tán, a ó tì í padà sínú àpótí abẹ́ tábìlì. Ó wuyì, àbí?

Wàhálà kan ló wà ńbẹ̀. Ayùn oníná, èèyàn gbọ́dọ̀ di súwíìṣì ẹ̀ mú kó tó ṣiṣẹ́. Tó bá ti dorí kodò lábẹ́ tábìlì, ta ni yóò máa dì í mú? Ẹ̀gbọ́n bá fi rọ́bà taya wé súwíìṣì náà pinpin, kó lè máa wà ní títẹ̀. Látìgbà yẹn, ara ògiri la ti ń tàn án, tá a ti ń pa á.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Ẹ̀gbọ́n ń la pákó lọ́wọ́ ni iná bá lọ. Ó yọ ayùn lórí tábìlì, ó tì í sínú àpótí, ó jókòó ti ẹ̀wà ẹ̀. Máṣíìnì kékeré tó wà lẹ́yìn ayùn yẹn gan-an ni mo nílò. Mo bi í pé ṣé ó ti pa ayùn.

Ó ní, "Ó ti kú jàre!"

Mo ki ọwọ́ bọ inú àpótí. Àfi bí ìṣó kan ṣe kọ́ mi lápá ẹ̀wù! Mo fà á, kò yọ. Eyín ayùn ń họ mí lọ́rùn ọwọ́. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ariwo àwọn ọmọdé lódìkejì títì pé iná ti dé. Tí tiwọn bá sì ti dé, tiwa kì í pẹ́ tẹ̀lé e. Ojú mi bá tọ wáyà ayùn lọ... Yéè! Ó ṣì wà lára ògiri! Kò sì pa á níbẹ̀!

"Ẹ yọ ọ́! Ẹ yọ ọ́!"

Ẹ̀gbọ́n sáré wá, ó di pákó ayùn mú, ó fẹ́ fà á yọ! Mo figbe ta pé wáyà ni, wáyà! Àwo ẹ̀wà fò. Ó fa wáyà náà tu kúrò lára ògiri. Kò tíì nàró tán tí gílóòbù orí wa fi tàn.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Inú bí mi! Ká ní kì í ṣe pé ó jù mí lọ ni, ìfọ́tí ni ǹ bá fi kí i. Mo bi í pé kí ló dé tó fi sọ pé òun ti pa á. Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀, pé ó ti kú lòun wí, nígbà tí iná ti lọ.

Òótọ́ sì ni, ìyẹn ló dùn mí jù!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó máṣíìnì sábẹ́ tábìlì bíi tiwa, ẹ yọ wáyà kẹ́ ẹ tó tì í wọlé. Àwa ti tú rọ́bà yẹn dànù. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ká lè fi kọ́gbọ́n. Tẹ́nì kan bá sì sọ fún yín pé máṣíìnì ti kú, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló pa á.