Ìbọn Mẹ́ta Lórí Ibojì Bàbá Traugott

"Alwin, bí wọ́n bá sin mí láìyin ìbọn mẹ́ta, mi ò ní í sùn o. Ẹ̀yin náà ò sì ní í sùn."

Bàbá àgbà mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn kó tó kú nìyẹn.

Traugott Lüdecke lorúkọ rẹ̀. Gàárì ẹṣin ló ń rán. Àwa méjèèjì péré la jọ ń gbélé. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó wà lára àwọn ọmọ ogun wa tó bá Faransé jagun, wọ́n sì ṣẹ́gun. Èmi náà lọ ja tèmi, ogun ńlá ọdún 1914, a fìdí rẹmi. Kò jẹ́ kí n gbàgbé.

"Àwa ja tiwa, a ṣẹ́gun. Ẹ̀yin gbàgbé tiyín bí ẹni gbàgbé agbòjò sínú rélùwéè."

"Bàbá, ebi ló pa wá."

"Ta lebi ò pa? Ọ̀tá wo ló wọ abúlé yìí? Ta ló wá ṣẹ́gun wa?"

Bí búrẹ́dì bá le, Berlin, níbi tí ìjọba wa wà, ló fà á. Bí òjò bá pa koríko tó gé, Berlin náà ni. Ọjọ́ tí ọba wa sá lọ sí Holland, Bàbá kọjú àwòrán rẹ̀ sí ògiri. Ọjọọjọ́ Ìsinmi ló ń yí i padà, kó lè bú u lójúkojú.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ti jagun rí ló ń yìnbọn mẹ́ta lórí ibojì ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Àmọ́ àwọn tó ṣẹ́gun wa ní ká kó ìbọn jọ, ọlọ́pàá sì ti kó ti ẹgbẹ́ lọ.

Rössler, olórí ẹgbẹ́, ń sunkún. "Ṣé bí ajá la máa sin ín ni?"

Mo lọ tú pákó lára ilé ewúrẹ́ wa. Bí èèyàn bá fi pákó méjì gbá ara wọn, ó ń dún bí ìbọn.

Lẹ́bàá ibojì, àwọn àgbà ẹgbẹ́ mẹ́rin dúró, pákó méjì méjì lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ yìn ín!" Rössler pàṣẹ.

Gbà! Hempel, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà tí etí rẹ̀ di, lu tiẹ̀ nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ti pa rọ́rọ́. Pásítọ̀ fò sókè.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì náà rí bẹ́ẹ̀. Ni Kuntze ọlọ́pàá bá sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìbọn dà?"

"Pákó ni, ọ̀gá," mo ní. "Ó ku ẹyọ kan. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó wo pákó, ó wo pósí. Òun náà ti jagun rí. Ó kọjú sí Hempel.

"Bàbá, ẹ̀ ń lù ú bí ẹni tó ń pa eṣinṣin! Ẹ gbé e wá ńbí!"

Ó gba pákó náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì bá wọn lù ú. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta dún gbàgà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Wọ́n lọ mu bíà. Mo kó pákó relé. Ewúrẹ́ ti jáde, ó ń jẹ kábéèjì aládùúgbò. Mo fà á wọlé, mo fi ìṣó há ẹnu, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó padà.