Ṣíìsì Rírọ̀ Lọ́jọ́ Sátidé

Ìdí abọ́ fífọ̀ ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan ní Riverdale Park, l'Amẹ́ríkà. N kì í bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná ti ń bó mi lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀gá mi, obìnrin Amẹ́ríkà kan tó ti dàgbà, ní kí n dúró ti tábìlì ìtọ́wò lọ́jọ́ Sátidé kan, mo mọ̀ pé ó ń dán mi wò ni. Bí mo bá ṣe é dáadáa, màá kúrò nídìí abọ́.

Ṣíìsì ilẹ̀ Ítálì kan, irú wàrà dídì kan, ni àwọn èèyàn fẹ́ tọ́ wò. Ó rí róbótó, awọ funfun tó hunjọ ló bò ó. Òwúrọ̀ ni mo ti gbé e jáde kúrò nínú fíríìjì, nítorí bó bá tutù, adùn rẹ̀ kì í jáde. Bí a bá fìka tẹ̀ ẹ́ tó rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ìkókó, ó ti yá. Láti àárín ni wọ́n ti ń gé e wá sétí, kí awọ àti inú lè kan oníkálukú. Orí búrẹ́dì ni wọ́n ń fi í sí, pẹ̀lú oyin díẹ̀ àti èso péà òyìnbó tí wọ́n gé pẹlẹbẹ. Wáìnì funfun tó ń hó ni wọ́n ń mu sí i; ọ̀rá ṣíìsì náà máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, wáìnì yẹn ló ń fọ̀ ọ́ kúrò.

Gbogbo èyí ni mo ṣe bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Ibi tí mo ti ṣì í ni pínpín. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi ló wà níwájú ìlà. Bàbá arúgbó kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyá kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ló tẹ̀ lé e. Mo gé ti àkọ́kọ́, mo nawọ́ kọjá ọmọbìnrin náà, mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá. N kò tiẹ̀ rò ó. Nílé wa n'Ìbàdàn, ta ni yóò fún ọmọdé ṣáájú àgbà?

Ọmọbìnrin náà bi mí bóyá òun kò sí níbẹ̀ ni. Mo wolẹ̀. Ọ̀gá mi ń wò wá láti ibi tó ti ń gbowó.

Ìyá tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ló sọ̀rọ̀, ní Yorùbá. "Ọmọ mi, ìlà ni wọ́n ń tò níbí. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni àgbà."

"Ẹ má bínú, mà."

"Èmi kọ́ lo máa bẹ̀. Òun ni kó o bẹ̀."

Mo bẹ ọmọbìnrin náà, mo gé tirẹ̀ tóbi díẹ̀. Ó gbà á, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan ìyá náà, ó jẹ ẹ́ tán, ó mi orí.

"Wàrà tó sá fún epo gbígbóná ni èyí. Ata rẹ̀ dà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé oyin àti wáìnì fún un, mo sì tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ni mo ń wò.

Nígbà tí a fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá mi bi mí léèrè ohun tí ìyá náà sọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìlà náà fún un. Ó ní òótọ́ ni. Ó ní kí n tún dúró ti tábìlì lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí n máa wo ojú èèyàn. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, ìdí abọ́ ṣì ni. Mo ní ó dára. Mo kó ọ̀bẹ àti pátákó tí mo fi gé ṣíìsì lọ fọ̀.