Àwọn Tó Ń Jẹ Eegun Àbùùbùtán

Òórùn èso kajú tó ń rà lábẹ́ igi ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí Manigri ìlú wa lọ́dún náà, òórùn kíkan bí ọtí àná. O mọ iṣẹ́ mi, ọ̀rẹ́ mi: ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni mo ń yẹ̀ wò ní ilé àyẹ̀wò kan ní ilẹ̀ Faransé. Nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú àbùùbùtán, ní ibú tí oòrùn kì í dé, a rí kòkòrò àìfojúrí kan tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Èmi ni mo kọ́kọ́ mú un hù nínú abọ́, nítorí náà ni ọ̀gá mi ṣe ní kí n sọ ọ́ lórúkọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Orúkọ ìlú wa ni mo ti yàn fún un. Ó wù mí kí àwọn tí kò mọ ibi tí Manigri wà máa pè é títí ayé.

Ṣùgbọ́n ta ní í sọ ọmọ lórúkọ láì fi tó bàbá létí? Bàbá mi ń já hóró kajú kúrò lára èso nígbà tí mo sọ fún un. Inú rẹ̀ dùn, àfìgbà tó bi mí léèrè ohun tí nǹkan náà ń jẹ. Mo ní eegun òkú ni. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ohun tó ń jẹ òkú lo fẹ́ fi orúkọ ìlú pè?”

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fẹ́ẹ̀ bó mi. Ó ní òun ti gbọ́, kò sì yí padà. Ó dùn mí wọnú eegun, n ò ní purọ́. Gbogbo òtútù tí mo fara dà lọ́hùn-ún, kí ó lè rí nǹkan fi yangàn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Iyán tí a jẹ lọ́jọ́ náà ò dùn lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gun zem, ọ̀kadà wa, lọ sí Bassila, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti dára, láti fi orúkọ mìíràn ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi, ó ní kí n kọ́kọ́ bá òun dé oko. Màlúù Fúlàní kan ti kú sí etí oko yẹn nígbà tí mo wà ní kọlẹ́ẹ̀jì. Mo ṣì rántí bó ṣe ń rùn. Bàbá mi fi ọkọ́ gbẹ́ ibẹ̀. Eegun ò sí mọ́, ilẹ̀ dúdú minimini ló kù. Ó ní ibẹ̀ ni iṣu tí mo ń jẹ láti ìgbà tí mo ti dé ti wá. Mo ní ìbátan kòkòrò tèmi ló ṣiṣẹ́ yẹn. Ó ní òun náà ti rò ó bẹ́ẹ̀. Ó gbọn erùpẹ̀ lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Ìlú kì í ṣe tèmi nìkan, n ò lè fi tọrẹ. Orúkọ tèmi ni kí o fún un. Mo ti dàgbà, irú wọn náà ni yóò jẹ mí. Ohun tó máa jẹ mí, kó kúkú jẹ́ ará ilé mi.”

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Ní Bassila, mo tẹ orúkọ rẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí onízem ń fun fèrè níta pé kí n yára.

Bàbá mi ti sùn báyìí, nínú ọgbà wa ní Manigri. Mo mọ̀ pé kòkòrò tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ò lè gbé inú ilẹ̀ gbígbóná wa. Òtútù ìsàlẹ̀ òkun ni tiẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń da erùpẹ̀ bò ó, tí àwọn àbúrò mi ń ké pé ilẹ̀ ti gbé bàbá àwọn mì, mo sunkún bíi tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ilẹ̀ ò bà mí. Bàbá mi ti bá àwọn kòkòrò tó wà níbẹ̀ ṣe ẹbí kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.