Òwú Pupa Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Hilkka

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: n kò fẹ́ràn Hilkka Vainikainen, òun náà kò sì fẹ́ràn mi. Ọdún mọ́kànlélógún la ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ eré ọkọ̀ ti ìlú Haapasuo, a kò sì tíì jọ mu ife kọfí kan tán láìjà rí. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bí mo bá kí i láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run kó tó dáhùn, bí ẹni pé òjò ló bá a sọ̀rọ̀.

Èmi ni mo máa ń jókòó sídìí tábìlì níbi eré, tí mo ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ la fi ń sáré lórí òkúta wẹ́wẹ́, bí eré bá sì ti parí, ẹnikẹ́ni nínú wa lè fi ìwé sílẹ̀ pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ ẹlòmíràn, ní iye kan ṣoṣo tí òfin ti dá. Bí o bá kọ̀ láti tà á, wọn á gba ìwé àṣẹ eré lọ́wọ́ rẹ, ó parí. Wọ́n ṣe òfin yẹn kí olówó má baà fi owó rẹ́ wa jẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é kò rántí ẹni tó fi ìgbà òtútù méjì gbáko tún ọkọ̀ tirẹ̀ ṣe.

Ọgbọ̀n ọdún ni Hilkka fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ wàrà, níbi ẹ̀rọ tó ń mú wàrà tutù. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ó ní ariwo èèyàn ti pọ̀ jù. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ọkọ̀ pupa kékeré kan, ó sì ki ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sínú rẹ̀. Ní eré àkọ́kọ́ tó fi ọkọ̀ yẹn sá, kò tíì yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹta tí omi rédíétọ̀ fi hó, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín débi tí ikùn ń dùn wá. Mo rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ.

Kì í ṣe pé ti àwa náà kì í hó. Bí ó bá ti hó, ohun kan ṣoṣo la mọ̀: ká la ihò sí i. Jouko Rautiola, tó ń ta igi gẹdú, tó sì ń rìn bí ẹni pé òun ló ni igbó, fi wọ́ṣà, àwọn irin pẹlẹbẹ oníhò, bí mẹ́fà gbé ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú, ó ní kí ooru lè máa jáde.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí," ni Hilkka wí, "ihò nìkan lẹ mọ̀."

Lọ́jọ́ Sunday kan nínú oṣù karùn-ún, ó pè mí lórí fóònù, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń gbé ìpè rẹ̀.

"Ensio, máa bọ̀. Má bi mí ní nǹkan kan."

Mo dé ilé rẹ̀, mo bá òwú pupa tó fi ń hun ìbọ̀sẹ̀. Ó ti gé e wẹ́wẹ́, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ káàkiri orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n wọ ọkọ̀. Ó wakọ̀ náà lọ sójú ọ̀nà igbó, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ibo ni wọ́n kọjú sí? Ibi tí wọ́n kọjú sí ni kí o sọ, mi ò bèèrè èrò rẹ."

"Àwọn ti àárín ń fà sókè. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ gíláàsì..." Mo tún wò ó dáadáa. "Àwọn yẹn ń wọnú àlàfo ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ."

"Ẹn-ẹn. Afẹ́fẹ́ ń kọlu gíláàsì, kò ríbi lọ, ó ń padà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Èyí tó gba inú rédíétọ̀ wọlé kò wá ní ríbi jáde. Òmùgọ̀ Rautiola yẹn ń fọwọ́ ara rẹ̀ dí ọ̀nà."

Ó dí ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì pa. Ó gé ihò sí àárín, níbi tí òwú ti ń fà sókè. Ó wá fi páànù àti fóòmù dí gbogbo àlàfo tó wà láyìíká rédíétọ̀, títí tí afẹ́fẹ́ tó bá gba imú ọkọ̀ wọlé kò fi ní ọ̀nà mìíràn àfi àárín rédíétọ̀. Nínú oṣù keje, nígbà tí oòrùn mú tí ọkọ̀ gbogbo wa ń rú èéfín, ọwọ́ ìwọ̀n ooru tirẹ̀ kò mira. Òun ló gba ipò kìíní. Ti Jouko hó lẹ́ẹ̀mejì.

Kò pẹ́ tí Jouko fi wá sídìí tábìlì mi, sọ́séèjì lọ́wọ́ kan, ìwé lọ́wọ́ kejì.

"Ọkọ̀ Màmá Hilkka ni mo fẹ́."

"O ti ní mẹ́ta."

"Ṣé òfin ní kí n má ní mẹ́rin ni?"

Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo gba ìwé náà. Mo ka orúkọ náà jáde. Hilkka bọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí koríko.

"Màmá, ẹ má bínú o," ni Jouko wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ jókòó sílé, kí ẹ máa hun ìbọ̀sẹ̀."

"Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o mú un."

Ó bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Inú mi bàjẹ́, inú mi sì tún dùn díẹ̀, nítorí mo rò pé ó tó àkókò kí ẹnì kan pa obìnrin yìí lẹ́nu mọ́.

Nínú oṣù kẹjọ, Jouko gbé ọkọ̀ náà wá síbi eré. Hilkka dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó ń mu kọfí tirẹ̀. Àwa méjèèjì rí i pa pọ̀: fóòmù kò sí níbẹ̀ mọ́, páànù kò sí mọ́. Ó ti gbé ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè pẹ̀lú wọ́ṣà.

"Mo kó gbogbo pàǹtírí yẹn dànù," ni Jouko ń sọ fún àwọn èèyàn. "Ọkọ̀ ò lè mí."

Mo ní, "Hilkka, lọ sọ fún un."

"Ṣé ó bi mí ni?"

"Ẹ́ńjìnnì yẹn á kú."

"Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni."

Ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò lára ọkọ̀ náà. Ní ìyípo karùn-ún, èéfín funfun bo gíláàsì. Jouko kò dúró. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú sí i títí irin fi dún gbàù, tí ọkọ̀ náà sì yà sínú koríko. Ó fẹsẹ̀ rin padà wá, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ yìí?"

"Èmi? Ìwọ lo ṣe é," ni Hilkka wí.

Hilkka fa ìwé kan yọ nínú àpò, ó fi í síwájú mi. Ó fẹ́ ra ọkọ̀ náà padà. Jouko bú sẹ́rìn-ín, ó ní òkú ni Màmá ń rà.

A fi okùn fà á dé ilé Hilkka. Ó tú orí ẹ́ńjìnnì kúrò, ó gbé e lọ síbi fèrèsé. Orí ẹ́ńjìnnì náà ti sán láti ìhín dé ọ̀hún. Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tó sán náà, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

"Gbólóhùn kan péré ni," ni mo wí. "Ká ní o sọ fún un ni."

Ó gbójú sókè wò mí, kò wo ojú ọ̀run lọ́tẹ̀ yìí.

"Ensio, ta ló jókòó tì mí lọ́jọ́ òwú? Ta ló sọ fún mi pé àwọn òwú ń wọlé?"

Mo wo orí ẹ́ńjìnnì tó sán náà.

"Èmi kórìíra Jouko, ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́. Ìwọ ńkọ́? Ta ni ìwọ kórìíra?"

Mo mú fìlà mi lórí tábìlì rẹ̀. Mo mọ ìdáhùn náà, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà hó, kí n lè wo ojú Hilkka bó ṣe ń hó.