Ojú Mi Nínú Káàdì

Mi ò lè gbọ́ òórùn ẹ̀pà sísè ní ọjà Ìpàta kí inú má bí mi. Ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìlera tí káńsù rán wá yẹ ojú àwa ọmọ iléèwé wò ń jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó lẹ páálí lẹ́tà mọ́ ògiri, ó jókòó gẹlẹtẹ, ó ń ju èèpo sílẹ̀, ó ń tẹ fóònù.

"Fọwọ́ bo ojú ọ̀tún. Kà á!" Kò tilẹ̀ gbórí sókè.

Kùrukùru funfun lásán ni ojú òsì mi ń rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mo wà lórí ìlà, mo ti gbọ́ lẹ́tà yẹn lẹ́nu ogún ọmọ. Àwa tí a ń há súrà sórí nílé kéwú, kí ni lẹ́tà mẹ́jọ? Mo rò pé ẹni tó bá há a sórí ló yege. Mo fi ohùn kéwú kà á geere.

"Máṣáà Allah! Ojú ẹ mọ́ bíi díńgí." Ó fi ọwọ́ ẹ̀pà kọ "ó dáa" sínú káàdì mi. Mo fi yangàn délé.

Nígbà tí mo dàgbà, dókítà ní ká ní wọ́n tètè rí àìsàn náà ni, ojú òsì yìí ì bá má fọ́. Nínú káàdì ọ̀lẹ yẹn, ó ṣì dáa.