Ìkòkò tí Kò Dé Orí Ààrò Rí

Ògúnbọ̀dé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ amọ̀kòkò ni, láti Ìpetumodù.

Iṣẹ́ bíríkìlà ló fi ń jẹun. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń kọ́lé káàkiri, láti Oniru títí dé Ajah. Ṣùgbọ́n àárín ìkòkò ni wọ́n bí i sí. Kí ó tó mọ ABD ni ó ti mọ ìkòkò Ìpetumodù yàtọ̀ sí ti Ìlọrin. Bí o bá gbé ìkòkò fún un, kì í wo ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀. Á dà á dé, á wo ìdí rẹ̀, á fi ìka lù ú lẹ́ẹ̀mejì, á gbọ́ bó ṣe ń dún. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ẹnu ìkòkò a máa parọ́, ìdí ìkòkò kì í parọ́.

Ìyáàfin Fúnláyọ̀ tó ń gbé ní Victoria Garden City ló sọ ìmọ̀ yìí di ohun iyì. Obìnrin náà fẹ́ràn ìkòkò àtijọ́ ju góòlù lọ. Mẹ́tàdínlógún ló tò sí pálọ̀. Ní ọjọ́ kan tí Ògúnbọ̀dé lọ tún ògiri ṣe níbẹ̀, ó tọ́ka sí ọ̀kan, ó ní ti aró ni, kì í ṣe ti omi bí ẹni tó tà á ṣe wí. Wọ́n fi kànrìnkàn nù ún nínú, kànrìnkàn náà sì di aró. Láti ọjọ́ yẹn, Màdáámù kì í ra ìkòkò láìpè é. Á jókòó sórí tìmùtìmù, wọn á gbé mínírà fún un, wọn á máa pè é ní Ọ̀gá. Ní sáìtì, "ìwọ bíríkìlà yìí" ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá yẹn dùn mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ní ọdún 1996, Màdáámù ra ilẹ̀ nítòsí Thomas Estate ní Ajah lọ́wọ́ ìdílé onílẹ̀, Ògúnbọ̀dé ló sì bá a gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ṣọ́bìrì kan ìkòkò kékeré kan tí wọ́n fi àwo amọ̀ dé lórí. Kò fọ́. Ó gbé e lọ fún Màdáámù, iwájú ilé ni ó ti ṣí i. Yanrìn funfun ni gbogbo ilẹ̀ Ajah, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ inú ìkòkò yìí dúdú, ó sì rọ̀. Ọkàn rẹ̀ ti sọ ohun tó jẹ́ fún un, ṣùgbọ́n Màdáámù ń wò ó. Ó da erùpẹ̀ náà sídìí òdòdó, ó da ìkòkò dé, ó wo ìdí rẹ̀. Kò sí èéfín kankan. Titun ni wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Kò dé orí ààrò rí.

Ó mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ ti mọ irú rẹ̀ láìmọye fún àwọn tó ń retí àtibímọ. Ibi ọmọ ni wọ́n ń gbé sínú rẹ̀, wọn á sì rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n á ti máa wẹ ọmọ náà.

Màdáámù ti bu omi ọṣẹ, ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́.

"Ọ̀gá, níbo lèyí ti wá? Ṣé ó níye lórí?"

Bí ó bá sọ òótọ́, Màdáámù yóò ju ìkòkò náà sílẹ̀, kò sì dájú pé wọ́n á tún pe bíríkìlà sí pálọ̀ yẹn mọ́. Ó sì ti da erùpẹ̀ nù. Ó ní ìkòkò ìlẹ̀kẹ̀ ni, láti ààfin kan ní Ìjẹ̀bú, ó lé ní igba ọdún. Màdáámù gbé e sí àárín pálọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ránṣẹ́ sí i kí ó wá sọ ìtàn ìkòkò náà fún àlejò. Àwọn àlejò náà ni Alhaja Afusat, àgbà nínú ìdílé tó ta ilẹ̀, àti ọmọ rẹ̀ Abdulsalam, tó mú ìwé ilẹ̀ wá. Abdulsalam ti ń lọ sí ogójì ọdún, ó ga bí òpó iná. Ògúnbọ̀dé jókòó sórí tìmùtìmù, ó sọ ti ààfin, ó sọ ti ìlẹ̀kẹ̀. Kò tíì parí rẹ̀ tí Alhaja fi dìde, tó lọ fi àtàǹpàkò kan etí ìkòkò náà.

"Ibi tó kán yìí, èmi ni mo fà á. Ọjà Ẹ̀jìnrìn ni mo ti rà á. Mo fi kọlu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi nígbà tí mò ń bọ̀, oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú mi." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ rèé."

Abdulsalam wo ìkòkò náà tìyanu-tìyanu. Ó ní abájọ tí òun fi kó kúrò nílé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún yìí. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Màdáámù rọra ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró.

"Ilẹ̀ la tà fún yín," Alhaja wí. "A ò ta èyí." Ó wá kọjú sí Ògúnbọ̀dé, kò gbé ohùn sókè. "Wọ́n ní ọmọ amọ̀kòkò ni ọ́. Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni?"

Màdáámù ló dáhùn fún un. "Kò mọ̀, Mà. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹ forí jì í."

"Kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ìtìjú méjì ló wà nílẹ̀. Bí ó bá ní òun kò mọ̀, aláìmọ̀kan lásán ni, wọ́n á dárí jì í kó tó délé. Bí ó bá ní òun mọ̀, òpùrọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń fi amọ̀ mọ irú ìkòkò yẹn, lójú rẹ̀, lórí ẹní kan náà tí òun ń sùn lé. Ó wo ìdí ìkòkò náà.

"Mo mọ̀ ọ́n, Mà," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n kí n tó da erùpẹ̀ inú rẹ̀ nù. Ó wà nídìí òdòdó pupa, lẹ́nu ọ̀nà."

Alhaja kò bú u. Ó ṣí ìborùn rẹ̀, ó nà án fún Abdulsalam, ó ní kí ó lọ fi bù ú wá. Ọkùnrin gíga náà jáde. Láti ojú fèrèsé, wọ́n rí i tó lóṣòó sídìí òdòdó.

Màdáámù kò wo ojú Ògúnbọ̀dé. Kò pè é ní ohunkóhun.

Mínírà rẹ̀ ku ìdajì. Ó gbé ife náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó dìde lórí tìmùtìmù, ó gba ọ̀nà kíṣìnì tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gbà, ó lọ.